Ka Ohun Tó Bàjẹ́ Kí O Tó Gba Ẹ̀bẹ̀

Àràmọ̀kọ-Èkìtì,
Ọjọ́rú.

Àjíkẹ́ mi, Morẹ́nikẹ́,

Mi ò ní bi ọ́ bóyá ara rẹ le, nítorí mo gbọ́ ohùn rẹ lórí fóònù lánàá, mo sì mọ̀ pé ara le, ọkàn ni kò balẹ̀. Ìyá rẹ ń kí ọ. Ó ní kí o máa jẹun. Èmi ní tèmi, mo jókòó láti kọ̀wé gígùn sí ọ, nítorí bí mo bá sọ ọ́ lórí fóònù, n óò máa já lu ọ̀rọ̀ ara mi, n óò sì fo ibi tó yẹ kí n sọ gan-an.

Ilé ìwé girama ni mo parí sí, o mọ̀. Ìwọ lọ sí polí, o kọ́ bí wọ́n ṣe ń díwọ̀n ilé àti bí wọ́n ṣe ń ṣírò ohun tí yóò ná ènìyàn. Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo ti fa ìwé yìí ya, tí mò ń bi ara mi pé kí ni bíríkìlà fẹ́ sọ fún ẹni tó ní sàtífíkéètì. Ṣùgbọ́n mo ti pàdánù nínú iṣẹ́ yìí ju bí o ti kọ́ nínú rẹ̀ lọ. N kò ní jẹ́ kí gbogbo àdánù yẹn jẹ́ òfo.

Ọ̀rọ̀ Sátidé ni mo fẹ́ sọ. Wọ́n ti sọ fún ọ pé ẹbí ń bọ̀ níbi iṣẹ́ rẹ ní Ìkógòsì láti wá yanjú ọ̀rọ̀ ilé àlejò tí ò ń kọ́ fún ẹ̀gbọ́n mi, bàbá rẹ àgbà. Ohun tí wọn ò sọ fún ọ ni bí wọ́n ṣe fẹ́ yanjú rẹ̀. Èmi mọ̀. Ìṣojú mi ni wọ́n ti gbèrò rẹ̀, mo sì fọwọ́ sí i. Jẹ́ kí n sọ ọ́ kíákíá kí ìgboyà mi tó tán.

Lọ́jọ́ Àìkú, bí a ṣe ti ṣọ́ọ̀ṣì dé, ẹ̀gbọ́n mi Bọ̀ọ̀dá Délé wọlé. Wọn ò tíì jókòó dáadáa tí wọ́n fi bẹ̀rẹ̀.

"Káyọ̀dé, ọmọ rẹ kọ̀wé sí mi bí ẹni pé lọ́yà ni. Ó ní mo jẹ òun lówó ọ̀sẹ̀ méje tí mo dá iṣẹ́ dúró, àti owó òrùlé tí mo gbé fún ẹlòmíràn. Ṣé bí wọ́n ṣe ń bá bàbá ẹni sọ̀rọ̀ nìyẹn?"

Mo ní, "Ẹ máà bínú, Bọ̀ọ̀dá. Ṣé òótọ́ ni pé ẹ dá a dúró?"

"Mo dá a dúró o. Ilé mi kọ́ ni? Mo fẹ́ ronú ibi tí n óò gbẹ́ kòtò sókàwéè sí."

"Ọ̀sẹ̀ méje lẹ fi ń ronú sókàwéè?"

Wọ́n ní, "Ìwọ náà ti ń sọ̀rọ̀ bíi tirẹ̀. Ó dáa. Sátidé la ó lọ. Ewúrẹ́ kan ti wà nílẹ̀. Ọgọ́rùn-ún ẹgbẹ̀rún náírà wà tí yóò fi ra epo sọ́kọ̀. A ó sì gbé Màmá láti Èrìò. Màmá á kúnlẹ̀ fún un. Kí ló tún kù?"

Àjíkẹ́, ìyá mi ti lé ní ọgọ́rin ọdún. Ìwọ náà mọ ohun tó túmọ̀ sí kí ìyá bàbá ẹni kúnlẹ̀ níwájú ẹni lójú gbogbo ẹbí. Kò sí ọmọ ilẹ̀ yìí tí yóò rí i tí kò ní sáré gbé wọn dìde, tí kò ní pariwo pé, "Ó ti tán, Màmá, ó ti tán!" Ohun tí wọ́n ń wá nìyẹn gan-an. Bí o bá ti wí i, tí o tún wá dárúkọ kọ́bọ̀ kan lẹ́yìn rẹ̀, o ti di ọmọ tó mú ìyá àgbà kúnlẹ̀ tó sì tún béèrè owó.

Ó yẹ kí n sọ pé rárá. Mo ní, "Ó dáa, sà." Ìyá rẹ wà ní ẹnu ọ̀nà kíṣìnnì, ó gbọ́. Kò bá mi sọ̀rọ̀ títí ilẹ̀ ọjọ́ kejì fi mọ́.

N kò ní ṣe àwáwí. Ṣùgbọ́n o ní láti mọ ibi tí irú ẹ̀bẹ̀ yìí ti gbé mi dé rí, nítorí ó kàn ọ́, o kò sì mọ̀.

Mo tó ọmọ ọdún mẹ́tàlélọ́gbọ̀n nígbà tí mo gba iṣẹ́ ilé oníyàrá márùn-ún kan ní Ìlórò, fún ọkùnrin kan tó ń ra kòkó. Nígbà tí mo kọ́ ọ dé ojú fèrèsé, ó ní kí n dúró ná. Mo dúró. Kí n tó mọ̀, ó ti mú bíríkìlà mìíràn wá, ẹni yẹn sì ń fi búlọ́ọ̀kù tí mo fi owó ara mi mọ kọ́ ògiri lọ sókè, ó ń fi pákó mi ṣe àtẹ̀gùn. Mo bínú fún oṣù kan gbáko. Lọ́jọ́ kan, ọkùnrin márùn-ún láti ẹbí rẹ̀ wá sí pálọ̀ mi, tọ̀yàyàtọ̀yàyà, wọ́n dọ̀bálẹ̀ gbalaja lórí kápẹ́ẹ̀tì. Èyí tó dàgbà jù nínú wọn ju bàbá mi lọ. Jẹ́ kí n sọ òótọ́ fún ọ: inú mi dùn. Ó ṣe mí bí ẹni pé èmi náà ti di ènìyàn láwùjọ. Mo sáré dìde, mo ní, "Ẹ dìde, ẹ̀yin bàbá mi, ó ti tán." A mu ọtí ẹlẹ́rìndòdò, a gbàdúrà, mo sìn wọ́n dé ojú títì.

Ní ọjọ́ Ajé mo gbé ìwé ìṣirò mi lọ bá wọn: búlọ́ọ̀kù ọ̀ọ́dúnrún, pákó, owó àwọn òṣìṣẹ́ mi. Bàbá àgbà yẹn gba ìwé náà, ó yí i sókè, ó yí i sódò.

Ó ní, "Ìwé kí tún nìyí? Ṣebí a ti bẹ̀ ọ́?"

Mo ní, "Ẹ bẹ̀ mí lóòótọ́, bàbá, ṣùgbọ́n owó ńkọ́?"

Ó ní, "Àbí o fẹ́ ká tún wá dọ̀bálẹ̀ lẹ́ẹ̀kan sí i ni? Kápẹ́ẹ̀tì rẹ mà mọ́ o, a lè tún wá!" Gbogbo ilé bú sẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín, kí wọ́n má baà rò pé mo fẹ́ sunkún.

Mo ta ọ̀kadà mi láti san owó àwọn òṣìṣẹ́. Ìyá rẹ ta ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀. Kíláàsì kẹrin alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ni ìwọ wà nígbà náà. Ọdún yẹn ni a gbé ọ lọ sí ọ̀dọ̀ Màmá ní Èrìò, tí mo sọ fún ọ pé Màmá ní kí ẹnìkan wá máa bá àwọn gbé. Irọ́ ni mo pa. Owó ilé ìwé rẹ ló tán. O béèrè lọ́wọ́ mi nígbà kan ìdí tí mi ò fi wá wò ọ́ ní gbogbo sáà àkọ́kọ́ yẹn, mo ní iṣẹ́ pọ̀. Kò sí iṣẹ́ kankan. Ojú ló ń tì mí láti rí ọ. Mo ti ń gbé ọ̀rọ̀ yìí kiri láti ìgbà náà. Mo kọ ọ́ sílẹ̀ lónìí, kò sì ní padà sínú mi mọ́.

Nítorí náà, èkíní nínú ohun tí mo fẹ́ kí o dì mú: ẹ̀bẹ̀ yàtọ̀ sí ìṣirò. N kò ní kí o máà gba ẹ̀bẹ̀. Gbà á. Ṣùgbọ́n kí ẹ ti ka ohun tó bàjẹ́, kí ẹ ti kọ ọ́ sílẹ̀, kí ẹ̀yin méjèèjì ti fọwọ́ sí i. Lẹ́yìn náà, bí o bá fẹ́ fi ìdajì rẹ̀ jì wọ́n, fi jì wọ́n, ìwọ lo ni ín, o sì mọ iye tí o fi jì. Èyí tí wọ́n ṣe fún mi ní Ìlórò, n kò fi nǹkan kan jì wọ́n. Wọ́n gbà á lọ́wọ́ mi ni.

Ṣùgbọ́n bí o bá fẹ́ dúró gbọn-in lórí iye kan, iye náà gbọ́dọ̀ lè dúró. Mo sì ti wo àwòrán ìwé ìṣirò rẹ tí o fi ránṣẹ́ sí mi. Mo wò ó lẹ́ẹ̀mẹ́rin. Mílíọ̀nù mẹ́rin ó dín díẹ̀. Má bínú sí mi, ọmọ mi. Wọn óò ya á sí wẹ́wẹ́ níwájú rẹ. Jẹ́ kí n kọ́kọ́ ya á fún ọ nílé, kí ó tó di pé àlejò ya á.

O kọ owó ìtìjú síbẹ̀. Ìlà tó kẹ́yìn. Yọ ọ́ kúrò. Mo mọ̀ pé ó dùn ọ́ bí wọ́n ṣe gbé iṣẹ́ òrùlé fún ẹlòmíràn lójú àwọn òṣìṣẹ́ rẹ. Ó dun èmi náà. Ṣùgbọ́n owó gbà-má-bínú tí a ń pè é yìí, kì í ṣe ìbínú ni wọ́n fi ń díwọ̀n rẹ̀. Ìbéèrè kan ṣoṣo ni kí o máa bi ara rẹ lórí ìlà kọ̀ọ̀kan: bí Bọ̀ọ̀dá Délé bá ti ṣe gẹ́gẹ́ bí wọ́n ṣe fọwọ́ sí i, níbo ni ǹ bá wà lónìí? Kí owó náà gbé ọ dé ibẹ̀. Kó máà gbé ọ kọjá ibẹ̀, kó máà sì já ọ sílẹ̀ lọ́nà.

Wá fi ìbéèrè yẹn wo òrùlé. O kọ gbogbo owó òrùlé tó wà nínú ìwé àdéhùn. Ṣé o ra páànù? O kò rà á. Ṣé o san owó kápẹ́ńtà? O kò san án. Bí o bá ti ṣe òrùlé náà, owó yẹn kọ́ ni ì bá wà lọ́wọ́ rẹ. Èrè tó máa kù lẹ́yìn páànù àti kápẹ́ńtà ni. Èrè yẹn ni kí o kọ. Kọ ọ́ ní kíkún, má tijú rẹ̀, nítorí ìwé àdéhùn ló fún ọ ní òrùlé yẹn, wọ́n sì gbà á láìsí ẹ̀ṣẹ̀ tìrẹ.

Àwọn bíríkìlà méjì tí o ní wọ́n jókòó fún ọ̀sẹ̀ méje, ìwọ fúnra rẹ lo sọ fún mi pé wọ́n fi ọ̀sẹ̀ mẹ́rin nínú rẹ̀ lọ ṣiṣẹ́ ní Ìjerò. Ta ló san owó wọn fún ọ̀sẹ̀ mẹ́rin yẹn? Yọ ọ́. Ẹ̀rọ tí ń po kọnkéré, o háyà rẹ̀, o jẹ́ kí ó jókòó síbẹ̀ fún gbogbo ọ̀sẹ̀ méje. Kí ló dé? Ní òpin ọ̀sẹ̀ kejì ni Bọ̀ọ̀dá kọ ọ́ ránṣẹ́ sí ọ pé àwọn ń lọ sí Ìbàdàn, kí o máà retí àwọn láìpẹ́. Ó yẹ kí o dá ẹ̀rọ náà padà lọ́jọ́ kejì. Ẹni tí wọ́n bá ba iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ gbọ́dọ̀ gbìyànjú kí ìbàjẹ́ náà máà pọ̀ jù. Kò gbọ́dọ̀ jókòó tì í kí ó máa wo bí ó ṣe ń ga. Nítorí náà ọ̀sẹ̀ méjì ni ẹ̀rọ, àti ọjọ́ tí wọn ì bá fi wá gbé e. Ọ̀sẹ̀ márùn-ún yòókù, ìwọ lo jẹ ẹ́. Jẹ ẹ́ kí o dákẹ́.

Mo mọ̀ pé o ń bínú bí o ṣe ń ka ibí yìí. O ń sọ pé, "Ta ni Dádì ń bá ṣe?" Ìwọ ni mò ń bá ṣe. Fara balẹ̀ gbọ́ ohun tó ṣẹlẹ̀ sí mi ní Ìjerò.

Lẹ́yìn ti Ìlórò, mo búra pé kò sí ẹni tí yóò tún rẹ́ mi jẹ. Mo kọ́ ṣọ́ọ̀bù mẹ́rin fún obìnrin kan ní Ìjerò, òun náà dá mi dúró ní àárín ọ̀nà. Ní tèyí, mo kọ ìṣirò mi kí ẹnikẹ́ni tó bẹ̀ mí. Ṣùgbọ́n mo fi ìbínú ti Ìlórò kún un. Mo kọ sìmẹ́ǹtì tí mi ò rà. Mo kọ pákó lẹ́ẹ̀mejì: mo kọ ọ́ sí ibi ohun èlò, mo tún kọ ọ́ sí ibi tí mo ti ka owó dídá kọnkéré orí ìlẹ̀kùn, bí ẹni pé pákó mìíràn ni. Ẹgbẹ́ àwa tí ń kọ́lé yan àgbà mẹ́ta láti gbọ́ ẹjọ́ náà. Kápẹ́ńtà arúgbó kan wà nínú wọn tó ń tọ́jú awò ojú rẹ̀ sínú àpò ṣòkòtò. Ó ka ìwé mi láti òkè dé ìsàlẹ̀, ó tún padà sókè.

Ó ní, "Ọ̀gá Káyọ̀dé, pákó yìí, ṣé ó lóyún ni?"

Mo ní, "Báwo, bàbá?"

Ó ní, "Ogún ni ní ìlà kẹta. Nígbà tí mo dé ìlà kẹsàn-án, ó ti di ogójì. Mo ní bóyá ó bí ìbejì."

Obìnrin náà rẹ́rìn-ín títí omi fi jáde lójú rẹ̀. Láti ìgbà yẹn, kò sí ìlà kan nínú ìwé mi tí wọ́n gbà gbọ́. Àní èyí tó jẹ́ òótọ́, tí mo ní rìsíìtì rẹ̀, wọ́n ní bóyá òun náà ti bímọ. Ìdá kan nínú mẹ́rin ohun tó tọ́ sí mi ni mo gbà, mo sì gbà á pẹ̀lú orúkọ burúkú. Nítorí náà ni mo ṣe ń yọ nǹkan kúrò nínú tìrẹ. Kì í ṣe pé mo fẹ́ kí o rọ̀. Mo fẹ́ kí o le débi pé bí wọ́n bá fi ìka kan ìlà èyíkéyìí, kí ìka náà dùn wọ́n.

Ó sì ní ohun tí o gbàgbé. Ìpìlẹ̀ yàrá ẹ̀yìn tí ẹ gbẹ́ sílẹ̀ kí wọ́n tó dá yín dúró, ṣé òjò kò dí i ni? Ṣé ẹ ò tún un gbẹ́? Àwọn irin tí ẹ ti rì mọ́lẹ̀, tí orí wọn yọ síta, ṣé ẹ ò fi ọjọ́ méjì họ ìpẹtà kúrò lára wọn? O kò kọ ọ́, nítorí ọwọ́ àwọn tìrẹ ni ẹ fi ṣe é. Ọjọ́ iṣẹ́ ni. Kọ ọ́. Owó irin tó gbówó lórí ńkọ́? O kọ ìwé sí wọn ṣáájú pé kí wọ́n jẹ́ kí o ra irin nígbà tí kò tíì wọ́n, pé bí wọ́n bá pẹ́, yóò gbówó lórí. Wọ́n ní kí o dúró. Wọn ò lè sọ pé àwọn ò mọ̀. Kọ ìyàtọ̀ tó wà láàárín iye ọjọ́ yẹn àti iye tí o rà á. Ìyàtọ̀ nìkan. So ìwé tí o kọ sí wọn mọ́ ọn.

Wàyí o, èyí tó le jù. Ilẹ̀ balùwẹ̀ yàrá kẹta, mo rí i nígbà tí mo wá. Omi ń ṣàn padà sí ẹnu ọ̀nà dípò kí ó lọ sínú ihò. O rí i, mo rí i, a kò sọ nǹkan kan. Bọ̀ọ̀dá Délé náà ti rí i. Wọ́n sọ fún mi lọ́jọ́ Àìkú pé bí o bá sọ̀rọ̀ owó, àwọn óò ní kí o wó gbogbo balùwẹ̀ ilé náà.

Má jẹ́ kí ojú tì ọ́ bí ó ṣe tì mí ní Ẹ̀fọ̀n. O mọ bí ilẹ̀ ibẹ̀ ṣe dà, òkè ni gbogbo rẹ̀. Mo kọ́ ògiri àyíká ilé ẹnìkan sí ẹ̀gbẹ́ òkè, igun kan wọ́ díẹ̀. Díẹ̀ ni o, bí ìbú àtẹ́lẹwọ́. Onílé pariwo lé mi lórí lójú àwọn aládùúgbò pé ṣé bíríkìlà lèmi àbí àgbẹ̀. Ojú tì mí débi pé mo gbé òòlù, mo wó gbogbo ògiri náà lulẹ̀ fúnra mi, láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Lẹ́yìn náà ni ẹnìkan tó mọ iṣẹ́ wá, ó wo ilẹ̀, ó ní, "Igun yẹn nìkan ni ìwọ ì bá wó. Iṣẹ́ ọjọ́ méjì." Kò sì sí ògiri mọ́ tí a lè wọ̀n. Mo fi owó mi kọ́ òmíràn láti ìpìlẹ̀. Ìgbéraga ni mo pè é nígbà náà, mo ní n kò ní gbà kí wọ́n fi mí ṣẹ̀sín. Ìwà òmùgọ̀ gbáà ni.

Nítorí náà, má fọwọ́ kan balùwẹ̀ yẹn kí Sátidé tó kọjá. Kí ẹnikẹ́ni máà fọwọ́ kàn án. Mú ẹlòmíràn tó mọ iṣẹ́ wá, kí ó wọ̀n ọ́n, kí ó kọ iye tí yóò ná láti họ ilẹ̀ balùwẹ̀ kan ṣoṣo kí a sì tún un dá kí omi lè ṣàn. Kọ iye yẹn sínú ìwé rẹ, ìwọ fúnra rẹ, kí o sì yọ ọ́ kúrò nínú owó tìrẹ kí wọ́n tó béèrè. Àtúnṣe tó bọ́gbọ́n mu ni wọ́n lè béèrè. Wọn kò lè ní kí o wó ilé nítorí pé omi ń ṣàn gba ẹnu ọ̀nà. Bákan náà ni owó ìdádúró tí ìwé àdéhùn ní kí o máa san fún ọ̀sẹ̀ kọ̀ọ̀kan tí o bá fi pẹ́. Ọ̀sẹ̀ kan wà tó jẹ́ tìrẹ, nígbà tí búlọ́ọ̀kù rẹ kò tètè gbẹ. Fún wọn ní ọ̀sẹ̀ kan yẹn. Ọ̀sẹ̀ méje ti sókàwéè, tiwọn ni. Wọn kò lè dì ọ́ lọ́wọ́ mú kí wọ́n tún bu owó ìtanràn lé ọ pé o kò ṣiṣẹ́.

Mo ti ṣe gbogbo rẹ̀ lórí ìwé mìíràn, ó wà nínú àpòòwé yìí. Ó wálẹ̀ sí mílíọ̀nù méjì àti díẹ̀. Tún un yẹ̀ wò, mo lè ti ṣì í, o mọ̀ pé ìdá àti ìpín kì í wọ̀ mí lórí. Ṣùgbọ́n bí o bá ti yẹ̀ ẹ́ wò tán tí o sì gbà á, ibẹ̀ ni kí o dúró. Má fi kọ́bọ̀ kún un. Má sì jẹ́ kí wọ́n yọ kọ́bọ̀ kúrò nínú rẹ̀ nítorí ewúrẹ́.

Ó ku ọ̀rọ̀ Màmá. Ní àná, mo wọ mọ́tò lọ sí Èrìò. Mo bá wọn níwájú ilé, wọ́n ń ṣẹ́ ẹ̀gúsí sínú abọ́.

Mo ní, "Màmá, ṣé Bọ̀ọ̀dá Délé ti bá yín sọ̀rọ̀ Sátidé?"

"Ó ní ìjà kékeré kan wà láàárín òun àti Morẹ́nikẹ́, kí n wá bá àwọn parí rẹ̀."

"Ṣé wọ́n sọ fún yín pé ẹ máa kúnlẹ̀?"

Ọwọ́ wọn dúró nínú ẹ̀gúsí. "Kúnlẹ̀ fún ta ni?"

"Fún Morẹ́nikẹ́ náà."

"Ẹ̀n-ẹ́n. Kí ni mo jẹ ẹ́?"

"Ẹ ò jẹ ẹ́ ní nǹkan kan, Màmá. Bọ̀ọ̀dá ló dá iṣẹ́ rẹ̀ dúró."

Wọ́n wò mí bí ìgbà tí mo wà lọ́mọdé tí mo jí ẹran nínú ìkòkò. Wọ́n ní, "Ṣé Délé kò ní orúnkún tirẹ̀ ni? Orúnkún tí mo fi ń gun òkè lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì pẹ̀lú ìnira yìí, ṣé òun ló fẹ́ fi san owó ulé? Bí mo bá sì kúnlẹ̀ tí n kò lè dìde ńkọ́? Ṣé yóò wá kọ́ ulé náà yí mi ká?"

N kò mọ̀ pé mo lè rẹ́rìn-ín tó bẹ́ẹ̀ lọ́sẹ̀ yìí. Nígbà tí ẹ̀rín tán, wọ́n béèrè iye tó jẹ́. Mo sọ ọ́.

"Ṣé ó kà á dáadáa?"

"Ó kà á kọjá díẹ̀. Mo fẹ́ kọ̀wé sí i."

"Kọ ọ́. Mo máa wá lọ́jọ́ Sátidé o. Àga ni kí ẹ gbé fún mi. Mo fẹ́ fi etí ara mi gbọ́ iye náà." Lẹ́yìn náà, wọ́n padà sórí ẹ̀gúsí wọn, wọn kò gbójú sókè nígbà tí wọ́n bi mí pé, "Káyọ̀dé, ṣé o ti sọ ìdí tó fi wá gbé ọ̀dọ̀ mi fún ọmọ yìí?" Ìdí tí ìwé yìí fi gùn nìyẹn.

Láti ojú ọ̀nà Èrìò ni mo ti pe Bọ̀ọ̀dá Délé. Mo ní, "Bọ̀ọ̀dá, mo ní ó dáa lọ́jọ́ Àìkú. Kò dáa mọ́. Mo gba ọ̀rọ̀ mi padà. Màmá kò ní kúnlẹ̀."

Wọ́n ní, "Nítorí owó, o fẹ́ tú ilé bàbá wa ká?"

Mo ní, "Ẹ̀yin lẹ fọwọ́ síwèé, sà."

Wọ́n wá sọ ọ́, ohun tí mo ti mọ̀ pé wọn óò sọ. "Káyọ̀dé. Ta ló sanwó ilé ìwé rẹ?" Wọ́n sì pa fóònù.

Àwọn ni. Láti fọ́ọ̀mù wáàńù dé fọ́ọ̀mù fáìfù, nígbà tí bàbá wa ti kú, owó kòkó tí wọ́n fi ọwọ́ ara wọn ká ni wọ́n fi rán mi. Ọwọ́ tí mo fi ń kọ̀wé yìí, àwọn ló kọ́ ọ. N kò lè sẹ́ ẹ, n kò sì ní sẹ́ ẹ láéláé. Wọn óò sọ ọ́ lọ́jọ́ Sátidé, níwájú gbogbo ènìyàn, wọn óò sì wo ojú rẹ bí wọ́n ṣe ń sọ ọ́.

Àjíkẹ́ mi, gbọ́. Oore yẹn, èmi ni wọ́n ṣe é fún. Kò sí nínú ìwé àdéhùn ilé àlejò. Èmi ni n óò máa san án, bí mo ṣe ń san án láti ọgbọ̀n ọdún, mo sì ṣe tán láti máa dọ̀bálẹ̀ fún wọn títí n óò fi kú. Ìwọ kò gbọ́dọ̀ yọ náírà kan kúrò nínú tìrẹ láti fi san án. Àwọn òṣìṣẹ́ rẹ ń retí owó wọn, wọ́n ní ọmọ nílé ìwé. Mo mọ ibi tí ọmọ ń lọ nígbà tí bàbá rẹ̀ bá ń ṣe ẹni iyì lórí kápẹ́ẹ̀tì.

N kò mọ̀ bóyá Bọ̀ọ̀dá yóò tún bá mi sọ̀rọ̀ lẹ́yìn ọjọ́ náà. Ó ń bà mí lẹ́rù, mi ò ní parọ́. Ṣùgbọ́n n óò wà níbẹ̀. Kúnlẹ̀ kí wọn bí o ṣe máa ń ṣe, kí o kí wọn dáadáa, pe àwọn náà ní Dádì. Lẹ́yìn náà, jókòó. Bí wọ́n bá bi ọ́ pé èló, má wo ojú mi. Ka ìwé rẹ láti ìlà àkọ́kọ́, kí o sì kà á sókè, Màmá kò gbọ́ràn dáadáa mọ́.

Kí Ọlọ́run ṣọ́ ẹnu rẹ àti ẹsẹ̀ rẹ lọ sí ibẹ̀.

Èmi ni,
Bàbá rẹ.